Ẹ̀rọ tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Matilda Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Adéṣeun,
                                        Ìgàndó, Alímọ̀ṣọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Adébùnmí, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń wẹ̀ níbí fún ọ. Láràárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá mi, bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, aṣọ ìnura léjìká, màá wá tẹ́tí. Sílípáàsì tó ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, ti bàbá tó ń gbé yàrá iwájú nìyẹn. Ó máa ń kọrin nílé ìwẹ̀, kì í sì í parí orin kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Sílípáàsì tó ń dún pá pá pá, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Bí ìlẹ̀kùn páànù ilé ìwẹ̀ bá ti ké tó sì dákẹ́, tí mo gbọ́ tí wọ́n da omi tó ṣẹ́kù sí gọ́tà, màá ṣí ìlẹ̀kùn mi díẹ̀díẹ̀ kó má bàa han, màá sì sáré gba ẹ̀yìn kànga kọjá. Mo ti mọ bí a ṣe ń wẹ̀ láìjẹ́ kí ike ìbomi kan etí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá padà wọlé tí ẹnikẹ́ni ò rí mi kí, inú mi á dùn bí ẹni tó yege ìdánwò. Lẹ́yìn náà, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi á wá bàjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kí mi.

Bí mo ṣe ń gbé Èkó nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ẹ̀rúwà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n nígbà tí mò ń bọ̀ ti lọ sílẹ̀? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àbúrò rẹ tó ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, ṣé ó ti yí ọkàn padà àbí ẹ ti yí i padà fún un? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun yẹn ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ara mi le. Mo rù díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń rù níbí, kò hàn.

Ilé Ìyá Matilda ni mo ń gbé. Opó ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun máa ń pè wọ́n lórí fóònù bí ọdún bá dé. Ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní ìkángun òpópónà wa tí wọ́n ń pè ní Òkè Ìtùnú, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Mi ò sọ pé ìjọ kan ṣoṣo ló wà o. Ní òpópónà wa, ilé ìjọsìn pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ, gbohùngbohùn sì pọ̀ ju ilé ìjọsìn lọ. Ìyá Matilda nìkan ló ń fi orúkọ pè mí ní àdúgbò yìí. Bí mo bá ti pẹ́ nínú yàrá, wọ́n á kan ìlẹ̀kùn: “Ìbíyẹmí, ṣé o ti kú ni? Bí o ò bá tíì kú, wá jẹun.”

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ wá sí Èkó, mi ò tíì sọ ju “mo wà níbí” lọ, nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Ẹnì kan ti bi Promise, ọmọbìnrin tó ń jókòó tì mí, bóyá ará Kùtọ̀nú ni mí tí mi ò gbọ́ èdè. Promise ní òun náà ò mọ̀, òun á wádìí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a fi tiransífọ́mà kéékèèké ṣe ẹ̀rọ kan tí iná rẹ̀ máa ga gan-an, ṣùgbọ́n tí èyí tó ń ṣàn jáde máa kéré gan-an. Kí o lè rí i, ronú nípa táǹkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó gíga, àmọ́ tí ihò abẹ́ rẹ̀ ò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Omi náà á ta jìnnà, kò sì ní kún ife. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn. Kòkòrò á kan wáyà, á jóná. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì kàn án, á kàn fò sẹ́yìn, á sì bú ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́ wa, a ò sọ̀rọ̀ iná rárá. Oyè la pín. Ọlọ́runṣògo, ọmọ Wòlíì Ebenezer tó ni ìjọ Òkè Ìtùnú, ló di alága, nítorí òun nìkan ló wọ kóòtù wá. Promise di olórí ìròyìn, nítorí fóònù rẹ̀ ń ya fídíò dáadáa. Rídwàn, tó mọ bí a ṣe ń fi òjé gbígbóná lẹ wáyà, di igbákejì alága àti ọ̀gá iṣẹ́. Ó wá ku èmi. Wọ́n wò mí títí.

“Ìwọ,” ni Ọlọ́runṣògo wí, “ìwọ máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.”

Inú mi dùn. Ó kéré tán, ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ẹgbẹ́ kan.

Èmi àti Rídwàn la lọ sí Ìkòtún lọ ṣa tiransífọ́mà jáde nínú òkú rédíò àti òkú sitabiláísà. Alága ò lè bá wa lọ, ó ní òun ń ronú. Ọkùnrin tó tà á fún wa bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe, Rídwàn ní a fẹ́ fi pa ẹ̀fọn. Ọkùnrin náà wo irin mẹ́ta tí a gbé dání, ó wo ojú wa. “Ẹ ò kúkú lọ ra èyí tí wọ́n fi ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù,” ló wí, ó sì nàka sí ìsọ̀ kejì, níbi tí wọ́n so ó rọ̀ sí rẹpẹtẹ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí, mi ò ní jẹ́ kó sú ọ. Tiransífọ́mà àkọ́kọ́ gba iná ilé, ó sọ ọ́ di kékeré. Àwọn méjì tó kù, a yí wọn sódì kí wọ́n sọ iná kékeré náà di gíga padà, a wá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí gíga èkínní lè gun gíga èkejì lórí. O máa bi mí pé kí ló dé tí a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí a tó gòkè. Ìwé ní ó jẹ́ nítorí kí ohun tí a ṣe má bàa bá iná ìjọba tan ní tààrà, àti pé tiransífọ́mà kékeré ò lágbára láti da iná púpọ̀ síta. Lẹ́yìn wọn ni kàpásítọ̀ wà, tó ń tọ́jú iná bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú omi. Bí o tilẹ̀ ti ẹ̀rọ omi pa, ìkòkò ò tíì gbẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn ni rẹ̀sítọ̀, àwọn nǹkan tín-ín-rín bí hóró ẹ̀wà tó ń dínà fún iná kó má bàa ya jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò tàn, wọn ò dún, wọn ò sì lẹ́wà nínú fídíò. Àmọ́ àwọn gan-an ni ihò kékeré tó wà lábẹ́ táǹkì.

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Wòlíì la ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, Promise ti gbé fóònù sókè, Alága ń ka òǹkà sẹ́yìn bí àwọn tó fẹ́ rán nǹkan lọ sínú òṣùpá. Rídwàn tẹ bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ mítà ò mira.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ni Alága wí.

A gbàdúrà. Rídwàn tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ṣe àmín, kí iṣẹ́ ṣáà lè yá. Abẹ́rẹ́ ò mira.

“Ẹnì kan wà níbí tí ọkàn rẹ̀ ò mọ́,” ni Promise wí, ó sì yí ojú fóònù sí mi. “Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, a kì í mọ ohun tó ń rò.”

Ohun tí mò ń rò ni pé àwọn tiransífọ́mà méjèèjì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ara wọn ni wọ́n dojú kọ. Bí èkínní bá ń tì, èkejì á máa fà, ohun tó ń jáde á wá di òfo. Bí ẹgbẹ́ onílé òpópónà wa ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Alága méjì ni wọ́n ní. Èkínní ní kí wọ́n máa ti géètì, èkejì ní kí wọ́n máa ṣí i, géètì náà wá wà láàbọ̀ láti oṣù tí mo ti dé, ọkọ̀ ò lè gba ibẹ̀ kọjá, olè sì ń rí ààyè kọjá. Mo nàka sí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, Rídwàn yọ ọ́ lára iná. Mo mú wáyà méjì, mo fi èyí sí ipò ìyẹn. Ó tún tẹ bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ fò dìde.

“Ẹ ò rí i,” ni Alága wí. “Àdúrà.”

Láti ìgbà náà ló ti dá àṣà kan sílẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ náà níwájú kíláàsì, ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì fi ìka kan wáyà tó yọ síta. Kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ̀rín ló ń rín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ni oníkálukú bá tò láti wá fọwọ́ kàn án bí àwọn tó ń gba ìbùkún. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá náà fi ìka tó kéré jù kàn án, ó ní ó yún òun díẹ̀, ó sì kọ máàkì sí orúkọ wa. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo wa la wọ bàtà onírọ́bà.

Ṣùgbọ́n kò tó Alága. Bí ẹ̀fọn bá kan wáyà, á kàn dún tọ́, bí ẹni já irun orí kan. Alága fẹ́ kó dún dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ó wo inú ẹ̀rọ, ó rí àwọn rẹ̀sítọ̀, ó bi Rídwàn pé kí ni iṣẹ́ wọn. Rídwàn ní wọ́n ń dín iná kù.

“Dín in kù?” ni Alága wí. “Gbogbo ìlàágùn wa yìí, a tún lọ ra ohun tó ń dín in kù?”

Ó yọ wọ́n, ó fi wáyà lásán dí àyè wọn. Ó dúró lórí bàtà rẹ̀ tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, kò ṣe é ní nǹkan kan. “Ṣé ẹ rí i,” ló wí, “ẹrù lásán ni wọ́n.” Ó kó wọn sápò kóòtù. Nítorí pé Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ti sọ fún wa pé ohun onírin gbọ́dọ̀ ní wáyà tó wọlẹ̀, ó wá so apá kan iná náà mọ́ àpótí irin ẹ̀rọ, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ dé irin kan tó rì mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ dùn pé òun tẹ̀ lé òfin.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Wòlíì Ebenezer kéde pé wọ́n máa ya ẹ̀rọ náà sí mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, pé ẹ̀fọn ti parí ní Òkè Ìtùnú, àti pé àwọn àgbà ìjọ máa fọwọ́ kàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti fi hàn pé iná tó ń pa ọ̀tá kì í pa ọmọ ìmọ́lẹ̀. Ìyá Matilda ni wọ́n yàn láti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ síbẹ̀ láti bá Rídwàn so wáyà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni. O mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ inú ìjọ wọn. Láti ilé ni Ìyá Matilda ti ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Èmi náà bọ́ sálúbàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ ilẹ̀ tútù náà, òtútù rẹ̀ gun mí dé orúnkún, ibẹ̀ ni mo ti rántí bàtà onírọ́bà wa. Mo ní kí Rídwàn tan ẹ̀rọ náà, mo mú mítà. Mo fi ẹnu kan rẹ̀ kan wáyà ẹ̀rọ náà, mo fi èkejì kan ilẹ̀ tí mo dúró lé. Abẹ́rẹ́ náà sáré dé òpin, ó fi orí gbá ògiri.

“Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?” Alága ló wà lẹ́yìn mi.

“Mi ò fọwọ́ kàn án. Mítà ni.”

Adébùnmí, mo wá sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì sọ láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Mo ní apá kan iná náà ti wà nínú ilẹ̀. Mo ní bàtà ló ń gbà wá nílé ẹ̀kọ́. Mo ní ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró síbí tó sì fọwọ́ kan apá kejì, ara rẹ̀ ló máa di wáyà tó so méjèèjì pọ̀, àti pé láìsí rẹ̀sítọ̀, ohun tó máa gba ara rẹ̀ kọjá ò tó tan gílóòbù, ṣùgbọ́n ó tó dá ọkàn ènìyàn dúró. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa.

“Ṣé o mọ ìṣòro rẹ?” ló wí. “Ẹ̀rù ni. Àti pé o kì í ṣe ọmọ ìjọ.”

Ó gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ sí, ó sì tì í pa. Mo wo Rídwàn. “Mo gbọ́ ohun tó o wí,” ló sọ jẹ́jẹ́, “mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi Rídwàn, kí n dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí n ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mímọ́ wọn? Kí ni wọ́n máa pè mí, jàre?”

Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá lórí Wọ́sáàpù. Mo kọ ọ́ gùn, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ sí i. Ó fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn. Mo tún un kọ, mo kọ ọ́ kúrú. Ọwọ́ náà di méjì.

Ó wá ku Ìyá Matilda fúnra rẹ̀. Ẹ̀bà là ń jẹ nígbà tí mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà lọ́la.

“Ìran lo rí ni?” ni wọ́n bi mí.

“Rárá mà. Mítà ni mo wò.”

“Mítà.” Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọn ò sì tíì jẹun tán. “Ìbíyẹmí, ṣé o mọ iye ọdún tí mo ti wà ní Òkè Ìtùnú? Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń pọn omi. Wọn ò pe orúkọ mi síwájú rí. Lọ́la, wọ́n máa pè é. Ìwọ wá ní kí n sọ fún wọn pé mítà ò jẹ́.”

Mo kó abọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ kún. Sùtánà Ìyá Matilda funfun tó ń dun ojú, wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí tó fi le bíi páálí. Mo jókòó lẹ́yìn pátápátá. Promise wà níwájú pẹ̀lú fóònù, Rídwàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Alága ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó tan án, ó sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Òun tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ nílé ẹ̀kọ́, lọ́jọ́ náà tí kò wọ bàtà, kò sún mọ́ ọn rárá. Ó ti gbọ́ mi, Adébùnmí. Ó kàn rò pé ó sàn kí ẹlòmíràn wádìí rẹ̀ wò.

Wòlíì pe Ìyá Matilda. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìborí wọn ṣe, wọ́n sì rìn lọ síwájú bí ìyàwó tuntun. Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

“Ta nìyẹn?” ni Wòlíì béèrè.

“Ìbíyẹmí ni sà,” ni Promise wí láìgbé fóònù sílẹ̀. “Ó ń sọ̀rọ̀.”

“Ọmọ mi, ṣé ìran lo rí?”

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní ohunkóhun mọ́, wọ́n á sì wá ìjókòó iwájú fún mi. Ó wá sí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo ronú pé bí ó bá jẹ́ ìran ló gbà wọ́n lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹlòmíràn máa rí ìran tó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

“Rárá sà,” ni mo wí. “Mítà ni mo wò. Alága ti yọ ohun tó ń dín iná náà kù, a ò sì wọ bàtà níbí.”

Ariwo sọ díẹ̀. Obìnrin kan níwájú mi ní, “Àwọn ọmọ ilé ìwé yìí ṣá.” Wòlíì yíjú sí ọmọ wọn. “Ọlọ́runṣògo, kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án kí ọkàn wọn balẹ̀.”

Alága wo wáyà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Dádì,” ló wí, “ṣé kí n lọ wọ bàtà?”

“Bàtà?” ni Wòlíì wí. “Nínú ilé yìí?”

“Rídwàn, yọ ọ́ lára iná ná,” ni Alága wí, Rídwàn sì ti yọ ọ́ kó tó sọ tán. Alága mí kanlẹ̀. “Ó ti parí, ó ti kú. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Màmá, ẹ máa bọ̀, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Ìyá Matilda ò sì tíì padà sẹ́yìn. “Wọ́n ṣáà ti pè mí,” ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́.

Ìkòkò yẹn ò tíì gbẹ, Adébùnmí. Mi ò rántí bí mo ṣe dé iwájú. Sùkúdíráfà kan wà lórí àpò irinṣẹ́ Rídwàn, mo di ọwọ́ rọ́bà rẹ̀ mú, mo ti ọwọ́ Ìyá Matilda sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fi irin náà dábùú ẹnu wáyà méjèèjì.

Gbàù.

Iná aláwọ̀ búlúù kan tàn, ó ga bí ìka ọwọ́, ó sì kú. Ẹnu sùkúdíráfà náà yọ́. Ẹni tó ń lu agogo lù ú, nítorí ó rò pé àsìkò tó. Àwọn kan wólẹ̀. Wòlíì ti wà lẹ́yìn àga. Ìyá Matilda wo wáyà, wọ́n wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn síwájú àti sẹ́yìn. Wọ́n wá yíjú sí Ọlọ́runṣògo.

“Èyí tó ti kú nìyẹn?” ni wọ́n bi í.



Bí o bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, o ò tíì gbé àdúgbò wa rí. Kí a tó túká, ẹnì kan ti jẹ́rìí pé òun ti lá àlá ariwo náà. Promise ti gbé fídíò rẹ̀ síta, àwọn ènìyàn sì ń wò ó, àmọ́ ó gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ kúrò. Ó ní ohùn mi kéré jù. Wòlíì fúnra wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ohun tí mo rí ni wọ́n ń pè ní ìran mítà, pé ẹ̀bùn tó ṣọ̀wọ́n ni, àti pé ẹgbẹ́ aríran ń retí mi. Lónìí, obìnrin méjì ti kan ìlẹ̀kùn mi pé kí n gbé mítà náà wá sílé àwọn, kí n wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n kí mi dáadáa. Àwọn gan-an ló ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé.

Ìyá Matilda ò bá mi sọ̀rọ̀ lánàá bí a ṣe dé ilé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gún iyán, iyán tí wọn kì í gún fún ẹni méjì. Nígbà tó yá, wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbé abọ́ síwájú mi, ẹran tó wà nínú rẹ̀ ju tiwọn lọ.

“O ba ọjọ́ mi jẹ́,” ni wọ́n wí. “Mo múra sílẹ̀ fún un láti ọ̀sẹ̀ kan.”

“Ẹ má bínú mà.”

“Mò ń bínú o.” Wọ́n jókòó. “Mo ṣáà wà láyé láti bínú. Jẹun.”

Lọ́sàn-án òní ni Alága wá sílé wa. Ó wọ kóòtù, ó gbé mítíìpáì lọ́wọ́. Ó ní òun ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá pé ariwo ọjọ́ Ìsinmi wà nínú ètò, pé ẹ̀kọ́ ààbò la fi ń kọ́ ará ìlú. Olùkọ́ wa fi ọwọ́ mẹ́ta tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́la ni àwọn olùyẹ̀wò láti ìta ń bọ̀, ìbéèrè tí wọ́n sì máa bi ẹgbẹ́ wa ni ìdí tí iná tó ń ṣàn jáde fi gbọ́dọ̀ kéré. “Bá mi kọ ohun tí màá sọ,” ni Alága wí. “Ìwọ ló yé, èmi ni mo ní ohùn.” Ó wá mú àwọn rẹ̀sítọ̀ jáde lápò, wọ́n dọ̀tí, wọ́n sì ti tẹ̀, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. “Kí o sì bá mi wá àyè fún àwọn nǹkan yìí.”

“Ó dáa,” ni mo wí. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo ń jẹun. Bá mi kí Bàbá àti rédíò wọn. Bá mi kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ, pàápàá èyí tó máa ń yá sísáàsì mi tí kì í dá a padà. Bá mi kí olùkọ́ físíìsì wa bí o bá rí wọn lọ́nà ọjà, sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ìkòkò iná, òótọ́ ni.

“Ó dáa” tí mo sọ fún Ọlọ́runṣògo yẹn, rẹ̀sítọ̀ ni mo fi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò kọ ìlà kan. Lọ́la, kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé, èmi àti Rídwàn máa ti fi òjé lẹ àwọn rẹ̀sítọ̀ yìí padà sí àyè wọn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá bá wá ní kí alága dìde kó ṣàlàyé ìdí tí iná náà fi gbọ́dọ̀ kéré, màá dìde kó tó dìde, màá rìn dé iwájú, màá sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi láti orí ọwọ́ Ìyá Matilda, bí wọ́n ṣe nà án.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                        Ìbíyẹmí.